Ilo-Awela Kí Ilé-Iṣẹ́ Tó Dé

Ìtàn Ọ̀tà tí wọ́n kọ sínú ìwé, ogun àti ọba ló kún inú rẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, nítorí ogun jà lóòótọ́, ọba sì jẹ lóòótọ́. Àwọn tí ogun gba orí ilé wọn kọjá ńkọ́? Kí ni wọ́n jẹ lálẹ́? Níbo ni wọ́n ti pọn omi? Ohùn wo ni wọ́n fi ń pe ọmọ wọn wálé? Ohun tí mo fẹ́ kọ nìyẹn nípa àwọn abúlé Àwórì tó wà káàkiri etí odò Ilo, níbi tí Ilo-Awela wà lónìí láàárín Sango àti Ọ̀tà. Ọmọ ibẹ̀ ni mí. Iṣẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìntì. Púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, ìyá bàbá mi ló sọ ọ́ fún mi, ojú èmi náà ló rí ìyókù.

Bí àwọn àgbà Àwórì ṣe ń pa á nítàn, Ọlọ́fin Ògúnfúnminire ló kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n ń tẹ̀ lé àwo kan tó léfòó lórí omi títí tó fi rì ní Ìṣẹ̀rì, létí odò Ògùn. Láti Ìṣẹ̀rì ni wọ́n ti fọ́n ká. Àwọn kan sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Èkó, àwọn kan wọ igbó lápá ìwọ̀ oòrùn, Ọ̀tà sì wà lára àwọn ìlú tí ìrìn yẹn bí. Ọ̀tún, Òsì àti Ìjánà ni àdúgbò tí àwọn onílé Ọ̀tà ń pín ara wọn sí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àlejò má rò pé inú ìlú ni gbogbo wọn ń sùn. Ilé wà ní Ọ̀tà, abúlé wà lóko. Ọdún, ìsìnkú àti ìpàdé ẹbí ló ń gbé ènìyàn wọ ìlú; abúlé ni wọ́n ti ń jí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bímọ, ibẹ̀ ni oúnjẹ àti owó ti ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Àwórì ṣe gbé ayé, abúlé ni kó wò.

Ní ọdún 1842, àwọn Ẹ̀gbá tí Ṣódẹkẹ́ jẹ́ olórí wọn ṣẹ́gun Ọ̀tà. Ọ̀nà ló fa ìjà. Abẹ́òkúta ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, ó nílò ìbọn àti ẹ̀tù láti etíkun, Ọ̀tà sì jókòó sójú ọ̀nà. Láti Ọ̀tà ni wọ́n ti lọ sàga ti Adó, níbi tí Gezo ọba Dàhọ̀mì ti wá gbèjà àwọn ará Adó ní 1844, tí àwọn Ẹ̀gbá sì lé e padà pẹ̀lú ìtìjú. Ìyá àgbà mi kò mọ ọdún kankan nínú ìwọ̀nyí. “Ogun Ẹ̀gbá” ni wọ́n ń pè é, ohun tí wọ́n sì gbọ́ lẹ́nu àwọn tó bí wọn ni pé àwọn ènìyàn ri ìkòkò epo mọ́lẹ̀ nínú igbó kí wọ́n tó sá, àti pé àwọn tó padà bọ̀ kò bá igi kankan níbi tí wọ́n fi sàmì sí. Ìyẹn ni ogun ní tiwọn: epo tí a kò rí mọ́. Lẹ́yìn ogun, àwọn oníbodè ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ru ẹrù kọjá, ayé sì ń lọ bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 1850 sí 1860 ni James White, òjíṣẹ́ ìjọ CMS, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọ̀tà, ó sì pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1861, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ Èkó di tiwọn pátápátá. Epo pupa ti gba ipò ẹrú lọ́jà òkun nígbà náà, ìyẹn ló sì mú kí abúlé bíi tiwa di ibi tí àwọn oníṣòwò ń bi ara wọn léèrè ọ̀nà rẹ̀.

Epo ni olórí iṣẹ́. Ọkùnrin ló ń fi igbà gun ọ̀pẹ, tí yóò fi àdá gé ìdì ẹyìn sílẹ̀. Bí ìdì bá ti balẹ̀, iṣẹ́ di ti obìnrin. Wọn á kó àwọn ìdì jọ, wọn á fi ewé bò wọ́n fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹyìn lè tú kúrò lára ìdì, wọn á ṣa á, wọn á sè é nínú ìkòkò ńlá láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi kàntàrí. Ẹbu ìyá àgbà mi wà nísàlẹ̀ abúlé, níbi tí ilẹ̀ ti ń dagẹ̀rẹ̀ lọ sódò, nítorí pé ẹbu tó bá jìnnà sí omi, ọrùn àwọn ọmọ ni yóò gbà á. Kòtò ni, wọ́n fi amọ̀ rẹ́ inú rẹ̀ títí ó fi ń dán. Àwọn obìnrin á bọ́ sínú ẹyìn tó gbóná yìí, wọn á di igi tí a fi dábùú mú kí wọ́n má baà yọ̀, wọn á máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Wọn á da omi sí i, epo á léfòó, wọn á máa fi igbá rọra gbọ́n ọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún gbé e kaná kí omi inú rẹ̀ lè gbẹ tán. Ìyá àgbà kì í wojú epo láti mọ̀ bóyá ó ti jinná. Wọ́n á dúró sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ èéfín sí, wọ́n á fi imú fà á, wọ́n á ní “ó kù díẹ̀” tàbí “ẹ sọ ọ́,” wọ́n kì í sì í ṣì í.

Kò sí ohun tí wọ́n ń dà nù nínú ẹyìn. Ìhá rẹ̀ ni wọ́n ń fi dáná, òun náà ni wọ́n ń dì ní ògùṣọ̀ fún ìrìn òru. Àdín ń ti ara èkùrọ́ jáde, a sì ń fi pa ọmọ tuntun lára. Wọ́n ń po eérú mọ́ àdín, wọ́n ń sè é di ọṣẹ dúdú. Pípa èkùrọ́ jẹ́ iṣẹ́ àwa ọmọdé. Òkúta pẹlẹbẹ kan nílẹ̀, òkúta róbótó kan lọ́wọ́, a ó jókòó yí ká, ẹni tó bá lu ara rẹ̀ níka á fi ìka sẹ́nu, á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ibi èkùrọ́ yìí ni mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ àlọ́ tí mo mọ̀, kì í ṣe lábẹ́ òṣùpá bí wọ́n ṣe máa ń yà á sínú ìwé ọmọdé. Ọwọ́ wa kò dilẹ̀, etí wa ló ṣí sílẹ̀.

Ní 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rélùwéè láti Èkó wá sí òkè. Ní 1898 ó ti dé Ọ̀tà, ìrìn bíi máìlì ogún, ní 1901 ó dé Ìbàdàn. Nígbà tí mo dáyé, ọkọ̀ ojú irin ti di ohun àtijọ́ lójú àwọn àgbà, ṣùgbọ́n a ṣì ń fi ohùn rẹ̀ mọ aago. Bí èyí tó ń gba Ìjòkó kọjá bá ti dún, ìyá mi á mọ̀ pé ó tó àkókò láti gbé oúnjẹ lọ sóko. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: ìrìn máìlì ogún péré sí Èkó, síbẹ̀ kò sí ọ̀nà ọkọ̀ tó wọ abúlé wa, kò sí ilé ìwòsàn, kò sí ẹ̀rọ omi. Ọkọ̀ ń gbé epo wa lọ, àwa sì ń fẹsẹ̀ rìn padà. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa abúlé tó jìnnà máa ń ronú nípa òkè tàbí aginjù. Abúlé wa jìnnà, bẹ́ẹ̀ ni a sì ń gbọ́ fèrè rélùwéè.

Odò Ilo kì í ṣe odò ńlá. Ènìyàn lè fẹsẹ̀ là á kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n òfin wà lórí rẹ̀ tí ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀. Òkè pátápátá ni ti omi mímu. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ibi ìwẹ̀, obìnrin lápá kan, ọkùnrin lápá kejì lẹ́yìn igbó. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni aṣọ fífọ̀. Ìsàlẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti ń re gbágùúdá, nítorí òórùn rẹ̀ àti nítorí pé omi rẹ̀ lè pa ewúrẹ́. Ẹni tó bá re gbágùúdá sí òkè odò, olórí abúlé ló ń pè é, kì í ṣe ìyàwó olórí abúlé. Láàárọ̀ kùtù, kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere, a ti pọn omi kún ìkòkò ńlá tó wà ní igun ilé. Ọmọ tó bá jí lẹ́yìn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dé láti odò, omi tí ẹsẹ̀ ti rú ni yóò pọn.

Gbágùúdá yìí gan-an kì í ṣe ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wa. Láti Brazil ló ti la òkun wá, àwọn Àgùdà àti àwọn Sàró tó padà bọ̀ wálé láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún sì kópa púpọ̀ nínú bí àwọn ènìyàn ṣe kọ́ láti máa ṣe gàrí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ó ti rí bíi pé ó bá Ọlọ́fin wá láti Ifẹ̀. Wọ́n á hú u, wọ́n á bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á rin ín lára páànù tí a fi ìṣó lu lójú lójú. Wọ́n á rọ ọ́ sínú àpò, wọ́n á gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro tán. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mẹ́ta, wọ́n á fi ajọ̀ jọ̀ ọ́, wọ́n á yan án nínú ìkòkò lórí iná, àfọ́kù igbá ni wọ́n sì fi ń rò ó. Àtẹ́lẹwọ́ ìyá mi le bí awọ. Ọjọ́ ọjà, ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà àgbègbè wa nígbà náà, a ó ti kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá mi pẹ̀lú agbọ̀n gàrí, èmi pẹ̀lú ìgò epo tí a fi ewé dí lẹ́nu.

Àwa nìkan kọ́ la wà lábúlé. Àwọn Ègùn wà pẹ̀lú wa. Láti ìhà Ìpókíá àti Àgbádárìgì ni wọ́n ti ń wá, wọ́n mọ ọ̀pẹ gùn, wọ́n mọ ẹja í yan, wọ́n sì ń yá oko dá. Ìtàn tiwọn náà gùn. Nígbà tí Dàhọ̀mì ṣẹ́gun Àládà ní 1724, tó sì ṣẹ́gun Wídà ní 1727, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá wá sí etí ọ̀sà lápá ìlà oòrùn, láàárín wọn ni Àgbádárìgì ti gbilẹ̀. Èdè wọn kì í ṣe Yorùbá rárá. Ìbátan Fọ̀n ni. Baba kan tó jẹ́ Ègùn ń gbé ilé kejì sí tiwa. Ó ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ Ègùn, ó ń bá bàbá mi sọ Àwórì tó mọ́ geere, ó sì ń bá àwọn oníṣòwò tó wá láti Ọ̀yọ́ sọ Yorùbá tiwọn. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ilé-ìwé. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́ ìyá mi bí a ṣe ń hun ẹní dáadáa. Àwọn ọmọ wọn pẹ̀lú wa ló jọ ń pa èkùrọ́, a mọ bí a ṣe ń kà á ní Ègùn títí dé ìwọ̀n kan, àwọn náà mọ gbogbo àlọ́ wa. Mo ń sọ èyí nítorí pé àwọn kan rò pé abúlé tí kò lajú, èdè kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀. Nílé wa, ọmọ tí kò tíì wọ ṣòkòtò ti gbọ́ èdè méjì.

Ohùn Àwórì, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọmọ Ọ̀yọ́ gbọ́ wa, àmọ́ yóò ní ká tún un sọ. Ọmọ Ẹ̀gbá gbọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú oko ni ohùn náà ti dùn jù. Gbogbo ibi ló ní orúkọ nínú oko bàbá mi: ibi tí omi ti ń dá dúró lẹ́yìn òjò, ibi tí ìyá àgbà kan bímọ sí lójú ọ̀nà, ìdí igi tí wọ́n ti ń sinmi ẹrù, ilẹ̀ tó gba iṣu àti ilẹ̀ tó jẹ́ pé gbágùúdá nìkan ló lè gbà. Bàbá mi lè dúró nílé kó rán ọmọ sí ibì kan pàtó nínú igbó láìnawọ́ rárá, orúkọ ibẹ̀ ti tó. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá fẹ́ jáde ní Ọ̀tà, ohùn yìí kan náà ni wọ́n fi ń kọrin: wọ́n á yin àwọn ìyá, wọ́n á fi orin bá ẹni tó hùwà ìbàjẹ́ wí, gbogbo ọjà á sì gbọ́. Ilẹ̀ mọ́, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde pẹ̀lú igi gbígbẹ́ lórí àti irin lẹ́sẹ̀. A máa ń wá láti abúlé tìdílé-tìdílé. Ní 2008, àjọ UNESCO kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn àjogúnbá tó jẹ́ ti gbogbo ayé, ní orúkọ Bìní Olómìnira, Nàìjíríà àti Tógò. Inú mi dùn sí i. Ẹni tó bá wo fídíò rẹ̀ á rí ijó àti igi. Ọ̀rọ̀ tí Ẹ̀fẹ̀ ń sọ lẹ́nu ni àwọn ọmọ wa kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Mo wà lára àwọn tó wọlé. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn lọ, síléètì lábẹ́ apá, iṣu sísun nínú ewé. N kò lè gbàgbé ohun rere tí ẹ̀kọ́ náà ṣe fún mi; bí kò bá sí i, n kì bá tí mọ ìwé kọ. Síbẹ̀ ní ilé-ìwé náà ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi kò tọ́. Bí mo bá dáhùn bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé, olùkọ́ á ní kí n jókòó, á ní “ará oko.” Ní ìrọ̀lẹ́, mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà. Wọ́n bi mí pé oko ta ni olùkọ́ náà ń jẹ. Ìyẹn nìkan ni wọ́n sọ, wọ́n sì gbé igbá wọn.

Kì í ṣe ẹ̀bi olùkọ́ kan ṣoṣo. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà tipẹ́. Yorùbá tí wọ́n fi kọ ìwé, láti ọwọ́ Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Ọ̀yọ́ ni òpó rẹ̀, pẹ̀lú ohun díẹ̀ láti Abẹ́òkúta àti Èkó. Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní oṣù kejìlá ọdún 1859, kò jìnnà sí wa rárá. Ní 1875 àwọn CMS ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀, ní 1974 ìjọba tún fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun. Gbogbo èyí ṣe wá láǹfààní: òun ló jẹ́ kí ọmọ Èkìtì àti ọmọ Ìjẹ̀bú lè ka ìwé kan náà, òun ni mo sì fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí ó dùn mí ni pé ibi tí a ti yan ọ̀kan fún ìwé, a kò wá ibì kankan fi àwọn yòókù sí. N kò rí ìwé ìkàwé ọmọdé ní Àwórì rí ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe olùkọ́. Nígbà tí kíláàsì di tèmi, mo ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́jọ́ Jímọ́, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan pa àlọ́ bí wọ́n ṣe ń pa á nílé wọn, ì báà ṣe Àwórì, ì báà ṣe Ègùn. Wákàtí yẹn ni ariwo máa ń pọ̀ jù ní kíláàsì mi, òun ni mo sì fẹ́ràn jù.

Ohun tó wá yí gbogbo rẹ̀ padà wáyé kánkán. Láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni wọ́n la ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta gba Sango. Ní oṣù kejì ọdún 1976 wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, ìjọba tuntun náà sì ń wá owó àti iṣẹ́; ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó súnmọ́ èbúté Èkó, kò sí ibi tó dára tó Ọ̀tà. Ní oṣù kẹta ọdún 1978 òfin ilẹ̀ jáde, tó fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Lábẹ́ òfin yẹn, bí ìjọba bá gba ilẹ̀, ohun tó wà lórí ilẹ̀ ni wọ́n ń sanwó rẹ̀: ilé, àti irè oko. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn. Àwọn ọkùnrin kan dé pẹ̀lú òpó irin àti okùn, wọ́n ń ka igi ọ̀pẹ. Bàbá mi rìn tẹ̀ lé wọn. Ó ń dárúkọ ibi kọ̀ọ̀kan fún wọn bí wọ́n ṣe ń dé e, ẹni tó ń kọ ìwé kò sì kọ orúkọ kankan, iye igi ló ń kọ. Owó dé lẹ́yìn náà, àwọn ẹbí pín in. N kò lè sọ pé wọn kò sanwó. Ibi tí wọ́n ti bí bàbá mi, ìlà nọ́ńbà ni ó jẹ́ nínú ìwé náà.

Lẹ́yìn èyí, ọgbà ilé-iṣẹ́ tẹ̀ lé ọgbà ilé-iṣẹ́. Irin, ọtí, ike, ọṣẹ, oògùn. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dá oko tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀tà ní 1979. Ní 1989 wọ́n so Ọ̀tà pọ̀ mọ́ Adó-Odò di ìjọba ìbílẹ̀ kan. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1999 ni ìjọ Winners ya Faith Tabernacle sí mímọ́ ní ọ̀nà Ìdírókò, ibùjókòó ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta. Yunifásítì Covenant ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní 2002. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 2006, a ti di 526,565 ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ pé ilé-iṣẹ́ gbé ọ̀pọ̀ dìde. Àbúrò mi ọkùnrin ṣiṣẹ́ ṣíìfùtì alẹ́ títí ó fi kọ́lé. Lójú títì wa ní Ilo-Awela, Ígbò wà níbẹ̀, Ìdómà wà níbẹ̀, Ebira, Tiv, àwọn ọmọ Kútọnu, ènìyàn rere ni wọ́n, a jọ ń ṣe ìpàdé àdúgbò. Nínú ìpàdé náà, Yorùbá Èkó la fi ń bẹ̀rẹ̀, pijin la fi ń parí. Èmi àti ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta ata níwájú ilé rẹ̀ la ṣì ń kí ara wa ní Àwórì láàárọ̀. Bí àwọn ọmọ bá gbọ́ wa, wọ́n á ní ṣé Ègùn lẹ̀ ń sọ ni.

Odò Ilo ṣì ń ṣàn. Ní 2008, àwọn onímọ̀ ní Covenant tẹ ìwádìí jáde lórí rẹ̀, bí omi ìdọ̀tí tó ń ti ilé ìpẹran wọ inú rẹ̀ ṣe ń bà á jẹ́. Kànga dẹ̀rọ la ń lò báyìí, ẹni tí kò ní ń ra omi oníkẹ̀ẹ̀gì. Nígbà tí ìyá àgbà mi kú, wọn kò tíì gbẹ́ kànga dẹ̀rọ kankan sí àdúgbò wa. Ẹni tó dàgbà ju gbogbo wa lọ nínú ẹbí nìkan ló ṣì lè fi hàn yín ibi tí ẹ̀yà odò kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Etí odò náà ni ògiri ilé-iṣẹ́ kan wà báyìí, kòtò ìdọ̀tí wà lẹ́yìn rẹ̀. Òfin tí gbogbo ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ nígbà náà, pé a kì í da ohun tó lè pa ewúrẹ́ sí òkè omi, ó tó kí a tún un ṣe ní òfin ìjọba ìbílẹ̀, kí a sì mú ẹni tó bá rú u.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọdún 2022 sí 2032 sọ́tọ̀ fún àwọn èdè ìbílẹ̀. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́ lórí rédíò, ọkàn àwọn ènìyàn máa ń lọ sí igbó Amazon tàbí erékùṣù kan lójú òkun. Wọn kì í ronú nípa Sango. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ló ń sọ Yorùbá, a sì rò pé nítorí bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó lè sọnù nínú rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní 2022 pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé, ní 2025 wọ́n fagi lé e. Bẹ́ẹ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1970, àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ sì ṣe dáadáa. N kò ní jókòó dúró de ìjọba lórí ọ̀rọ̀ yìí mọ́, ọjọ́ orí mi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀tà, Ìtẹ̀lẹ́, Ìlogbò, Ìjù, Àtàn, àti ẹ̀yin ará Ègùn tí ẹ jọ gbé pẹ̀lú wa, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ṣì ní ìyá tàbí bàbá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún nílé, kó lọ jókòó tì wọ́n lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má bi wọ́n léèrè ìtàn ọba, wọ́n ti rò pé òun ni ẹ fẹ́ gbọ́, wọ́n á sì máa fi Yorùbá ilé-ìwé sọ ọ́ fún yín. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe epo. Ẹ bi wọ́n orúkọ gbogbo ibi tó wà láàárín ilé àti odò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí ẹ̀yin dákẹ́. Ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀, abúlé tí wọ́n bí i sí, àti ọjọ́ tó sọ ọ́.